Ọlọ Osùn Màmá mi àti Ìyàwó Òkè Ilé

Òru ni òjò ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti di wínníwínní, ojú ọ̀run ṣì ṣú, ẹrẹ̀ kún iwájú ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Iná ti bá òjò lọ. Tìtorí iná yẹn ni Ìyá Mínà ṣe sáré sọ̀kalẹ̀ wá bá màmá mi.

Ará Íńdíà ni wọ́n, òkè ilé wa ni wọ́n ń gbé. Ìgbéyàwó Àǹtí Mínà, ọmọ wọn obìnrin, ti ku ọ̀túnla. Àṣà wọn ni pé kí ìyàwó tó lọ sílé ọkọ, wọ́n á lọ ata ilẹ̀ pupa, èyí tí kì í ta bí ata, tí àwọ̀ rẹ̀ kì í sì tètè kúrò lára, wọ́n á fi mílíìkì pò ó, wọ́n á sì fi pa á lára kí ara rẹ̀ lè máa dán. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa ṣe é, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ nǹkan kò sì ṣiṣẹ́.

"Ìyá Àbẹ̀ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọlọ."

Màmá mi da omi sí ọlọ ata wa, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ni mo ń lọ ata ilé wa, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Mo lọ̀ ọ́ díẹ̀, mo fi ṣeré, mo kùn ún sẹ́rẹ̀kẹ́.

"Màmá, ó ń ta mí o!"

"Ta ló ní kó o kùn ún? Ṣé ìwọ ni ìyàwó ni?"

Wọ́n tọ́ ọ wò, ojú wọn yí padà. "Yéè! Ata rodo ara ọlọ ti wọ̀ ọ́! À bá fi ata fọjú ìyàwó oníyàwó."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ Ìyá Mínà ò rẹ́rìn-ín. Láti Íńdíà ni ìyá wọn ti fi ata ilẹ̀ pupa yẹn ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ wọn. Èyí tó ṣẹ́ kù kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Omijé ti ń bọ̀ lójú wọn.

Màmá mi dìde. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n fa ọlọ kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àtijọ́ ni wọ́n fi wé e. Ọlọ osùn ni. Orí ẹ̀ ni ìyá wọn ti lọ osùn tí wọ́n fi kun màmá mi lára nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ata ò kàn án rí. Èmi ọmọ wọn gan-an ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

"Ti ìyàwó leléyìí," wọ́n sọ fún Ìyá Mínà. "Ìyàwó náà ni Mínà." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Fọ ọwọ́ ata yẹn dáadáa, kó o wá lọ̀ ọ́."

Èmi náà ni wọ́n pè! Mo lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná bí àtíkè.

Lókè, àwọn obìnrin wọn yí Àǹtí Mínà ká, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi kùn wọ́n lójú, lápá, lẹ́sẹ̀. Ìyá Mínà ní kí èmi náà wá fi kùn wọ́n. Bí mo ṣe kùn wọ́n tán, Àǹtí Mínà bu díẹ̀, wọ́n fi pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Wọ́n ní bó bá kan ọmọge, kò ní pẹ́ rí ọkọ.

"Ẹ jẹ́ kó kàwé ná!" ni màmá mi pariwo. Gbogbo ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín.

Ìwé náà ò jìnnà ṣá, ọkọ ló tètè dé.

Lónìí, ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ti lọ̀ sínú ike ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń rà, wọ́n ń fi pa ojú. Kò burú, ó dín wàhálà kù. Ọlọ yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tèmi, orí ẹ̀ ni mo ti lọ osùn fún àwọn ọmọ mi obìnrin, mi ò sì fi pariwo. Bí mo bá ṣe ohun tó dáa báyìí, ó tó mi kí èmi nìkan mọ̀ ọ́n. Kò tó Àbẹ̀ní kékeré ìgbà yẹn rárá.

Lọ́jọ́ kejì tí a kun Àǹtí Mínà, mo gbé ọwọ́ tó pọ́n bí ìyeyè lọ sílé ìwé. Tíṣà béèrè ìṣirò kan tí mi ò mọ orí ẹ̀, tí mi ò mọ ìdí ẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ na ọwọ́ yẹn sókè.