Ọjọ́ Kẹjọ Tí A Kò Dáná

Òórùn eérú gbígbóná ló máa ń mú mi rántí ọ̀sẹ̀ tí mo bí ọmọ mi ọkùnrin ní Sokoura, àdúgbò kan ní ìlú Bouaké. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, Bouaké yìí, nílẹ̀ àjèjì, ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́ta nígbà náà tí èmi àti ọkọ mi ti gba ẹ̀sìn Júù. Ìdílé mẹ́ta péré ni wá ní gbogbo ìlú. Sátidé ni mo bímọ, Sátidé kejì sì ni ọjọ́ kẹjọ. Inú mi dùn, torí ọjọ́ kẹjọ ni Yorùbá ń sọmọ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ náà ni Júù ń kọ ọmọkùnrin nílà. Mo rò pé Ọlọ́run ti bá mi parí gbogbo ìjà. Mo gbàgbé iná. Júù kì í dáná ní Ọjọ́ Ìsinmi, ìyẹn Sátidé, àwọn ènìyàn wa kì í sì í sọmọ lórúkọ láìsí ìkòkò lórí iná.

Olórí ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ránṣẹ́ pè wá. Mo kọ àlàyé olójú ìwé mẹ́rin, mo to ẹsẹ Bíbélì sí i, mo sì fi bíírò pupa fàlà sí wọn nídìí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kọ́léèjì. Bàbá olórí ẹgbẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yin ọwọ́ ìkọ̀wé mi, wọ́n ní àwọn kò mú awò ojú àwọn wá. Inú ilé wọn la sì wà. Wọ́n ní ká dáná ní Sátidé tàbí ká sún ìsọmọlórúkọ sí ọjọ́ Àìkú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Yorùbá kankan kò ní wá, orúkọ ọmọ náà kò sì ní wọ ìwé ẹgbẹ́. Ní ìlú àjèjì tí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá ní Anago, ẹgbẹ́ ló ń bá ni gbéyàwó, òun náà ló ń bá ni sìnkú.

"Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ," ni bàbá wí. "Ìyàwó wa, ilé Júù wo lo mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ń wolẹ̀. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ láàárín àgbà kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ilé tèmi ni mo wò."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, mo se ẹ̀wà àti ẹja tó tó ọgọ́ta ènìyàn, mo sì ri ìkòkò náà sínú ẹyín iná àti eérú kí oòrùn tó wọ̀, torí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Ọjọ́ Ìsinmi ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìdílé Júù méjì yòókù fẹsẹ̀ rìn láti àdúgbò Nimbo, torí a kì í wọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Àga yòókù ṣófo. Mo sunkún, n kò ní purọ́. Nígbà tó yá, ìyá ọkọ mi, tó ti búra pé òun kò ní wá, yọ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣí ìkòkò, ooru gbà wọ́n lójú.

"Ta ló dáná?"

"Kò sẹ́ni tó dáná, màmá. Àná ló ti wà níbẹ̀."

Wọ́n wo àga, wọ́n pòṣé, wọ́n ní, "Gbé ọmọ mi fún mi," wọ́n sì fi orúkọ tiwọn lé tiwa. Àwọn aládùúgbò wa, ẹ̀yà Baoulé àti Dioula, ló bá wa jẹ ẹ̀wà náà tán.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ ti ránṣẹ́ pé bí mo bá bẹ̀bẹ̀, àwọn á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. N kò bẹ̀. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí wọn lọ́jà, torí àgbà ni wọ́n. Ní gbogbo Sátidé, níṣojú wọn, ìsọ̀ mi wà ní títì.