Ìtàn Ilé Wa Lẹ́nu Àlejò

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mo jowú obìnrin kan fún odidi oṣù mẹ́sàn-án, kì í sì í ṣe owú ìfẹ́. Ká ní owú ìfẹ́ ni, ì bá tètè tán.

Àárín àwọn ọdún 1950 ni. Mo ti lo ọdún méjì ní yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ti ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn àti ìmọ̀ àwùjọ pa pọ̀. Ẹni tó bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ ọ̀gá méjì. Olùkọ́ ìtàn ń fẹ́ ìwé tí ẹnì kan ti kọ sílẹ̀. Olùkọ́ ìmọ̀ àwùjọ ń fẹ́ èèyàn tó wà láàyè, kí n sọ yàrá tó ń sùn sí àti ẹni tó ń bá jẹun. Àwọn méjèèjì ò fẹ́ràn ara wọn rárá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ni pé kí n padà sí agbo ilé tí wọ́n ti bí mi ní Mushin, kí n kọ ìtàn bí ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe dé ibẹ̀. Wọ́n ní ta ló tún lè ṣe é ju ọmọ ilé lọ. Mo gbà wọ́n gbọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fún mi, bí n kò bá sì rí ìtàn náà kó jọ, kò sí oyè.

Obìnrin tí mò ń wí yìí, òyìnbó ni. Ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ kan náà la ti jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, èmi gan-an ni mo sì kọ́ ọ ní Yorùbá tó fi ń ti imú sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣòwò ní Sábó ló wá kọ̀wé lé lórí. Nígbà tó dé, òjò ń jò wọ yàrá tó gbà ní Yábàá, ni èmi ọlọ́gbọ́n bá ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ ìyá mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá mi fi ń pè é ní orúkọ tó ti fi pamọ́ de ọmọbìnrin tí kò rí bí. Bó bá fẹ́ kí àwọn àgbà, orúnkún kan ṣoṣo ni yóò fi kanlẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, gbogbo agbo ilé á sì pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo ti ń dọ̀bálẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rin, ta ló pàtẹ́wọ́ fún mi rí?

Iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wa. Káfíńtà ni, òun ló kọ́ bàbá mi níṣẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bàbá mi ti di olóògbé nígbà náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣí ìwé mi, mo bi í pé ta ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ yìí dó, ta ló tẹ̀ lé e, àti pé báwo ni bàbá bàbá mi ṣe dé ibẹ̀. Ó gbé ayùn sílẹ̀. Ó béèrè àlàáfíà ìyá mi, ó sì fún mi ní obì. Kí n tó jẹ obì náà tán, ó ti gbé ayùn rẹ̀ padà.

N kò gbọ́n. Lọ́jọ́ kejì mo mú téèpù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn agbo ilé láti ìdí kànga, nítorí olùkọ́ ìmọ̀ àwùjọ ní kí n ya àwòrán yàrá kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. N kò tíì dé yàrá kẹrin tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí sí ìpàdé ẹbí. Ní Mushin ìgbà náà, tí ilẹ̀ ń lọ lọ́tùn-ún lósì, ẹnu lọ́yà la ti ń gbọ́ ìbéèrè pé ta ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ ilé tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, tó tún gbé téèpù, kóòtù ló ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi tí wọ́n fẹ́ fi joyè ọ̀mọ̀wé ni n kò rántí. Bàbá Àgbà bi mí bóyá mo wá ta ilé mọ́ wọn lórí ni. Mo fi Kùránì búra. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ibi tí mo bá ti yọjú, ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n máa ń sọ.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo ti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó dé lọ́sàn-án, mo sì bá obìnrin náà lágbàlá pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́. Téèpù mi ni. Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ ló di ìdí kejì mú, tó ń fi ibi tí ògiri àkọ́kọ́ wà hàn án, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo kí wọn, mo kọjá. Nígbà tí mo fi ẹ̀dùn ọkàn mi hàn ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé, ó ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ta ni ìyẹn máa fi ìtàn wa pè lẹ́jọ́?

Lọ́jọ́ kan tí obìnrin òyìnbó náà lọ sí Sábó, tí ìyá mi ń kírun ìrọ̀lẹ́, mo wọ yàrá àlejò náà, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo ṣe é. Gbogbo ohun tí mò ń wá ló wà níbẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ dé, àwọn ìyàwó rẹ̀, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pákó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Mo ṣí ewé kan sí i, mo bá bàbá bàbá mi pàdé.

Ìyá mi ló sọ ọ́ fún un. Ní ìgbà ogun ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n mú ọkùnrin náà lẹ́rú wá láti òkè, bàbá Bàbá Àgbà sì rà á. Wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà, wọ́n fún un níyàwó àti yàrá kan. Arọ́tà ni: òun àtọmọdọ́mọ rẹ̀ lè gbé ibẹ̀ títí ayé, ṣùgbọ́n wọn kò lẹ́nu lórí ilẹ̀. Bàbá Àgbà kì í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Nílé wa, ìjà lè gbóná kó di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, kò sẹ́ni tó máa la ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ẹnì kejì lójú. Bàbá Àgbà ò lè purọ́ fún mi, kò sì lè sọ òótọ́, ló fi fún mi ní obì. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni obìnrin náà kọ ọ́ sí pé: ọmọ ìyá náà kò mọ̀, ìyá sì ní kí n má sọ fún un.

Ó yẹ kí ojú tì mí, tàbí kí n sunkún fún baba ńlá mi. Kí n má purọ́, owú ló kọ́kọ́ gbé mi. Òun ni ìyá mi sọ ọ́ fún.

Mo bá ìyá mi níbi tó ti ń ká ẹní ìkírun. Mo ní, "Ìyá mi, kí ló dé tó jẹ́ òun lẹ sọ ọ́ fún?"

Kò béèrè bí mo ṣe mọ̀. Ó ká ẹní náà tán, ó jókòó, ó gbé e lé itan.

"Òun ń lọ," ló wí. "Ìwọ lo máa bá wọn gbé. Bó o bá mọ̀ ọ́n, wàá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àgbà lọ́la, o ò sì ní lè gbé ojú sókè mọ́. Mo sì ti gbé ọ̀rọ̀ náà sínú pẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan kí n tó kú."

Lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àgbà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí bí ìyá mi ṣe wí.

Nígbà tí a padà sí Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin náà ló kọ́kọ́ parí ìwé tirẹ̀. Ìyá mi ti gbà á láyè kó kọ ọ̀rọ̀ káfíńtà tí wọ́n rà náà sí i láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwé tèmi kò lè dúró láìsí ọkùnrin yẹn nínú rẹ̀, nítorí náà mo ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ wa: mo kọ ìtàn bàbá bàbá mi, mo sì kọ orúkọ obìnrin náà sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí i. Nígbà tó kà á, ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó bi mí ìdí tí n kò fi kọ ọ́ pé ẹnu ìyá mi ni ọ̀rọ̀ ti jáde.

Mo ní ìyá mi kò sọ ọ́ fún mi.