Ọjọ́ Tí Mo Ṣáájú Ọkọ Mi Dé Bárékè Yábàá

Àkùkọ ò tíì kọ nígbà tí a jáde kúrò nínú ọgbà àwọn ṣọ́jà ní Ìbàdàn. Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo fi aṣọ mẹ́ta wé Ìbídùn ọmọ mi, ẹni oṣù mẹ́fà, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nílé l'Iléṣà, mo sì pọ̀n ọ́n. Ọkọ mi ń lọ níwájú pẹ̀lú fìlà pupa àti káàkì tí mo lọ̀ kó le kankan. Okùn kan wà lápá káàkì náà, okùn oyè láńsi kọ́pùrù, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi rán an mọ́ ọn. Ẹ̀yin ará ilé, bí mo bá ní mi ò wo okùn náà ní gbogbo ojú ọ̀nà títí a fi dé ìdíkọ̀ ojú irin, irọ́ ni mo pa.

Yábàá ni wọ́n ń gbé e lọ, lẹ́bàá Èkó, kó lọ máa kọ́ àwọn ṣọ́jà tuntun. Àṣẹ tí ọ̀gá rẹ̀ fún un kò gùn: kó fara hàn ní bárékè Yábàá kí fèrè ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tó dún. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn á já okùn náà, wọn á sì dá a padà. Ọkọ mi ní kí n tọ́jú ìwé àṣẹ náà, kí òógùn má baà bà á jẹ́. Mo wé e sínú gèlè, mo so ó mọ́ ìdí.

Orí pákó la jókòó sí nínú ọkọ̀. Wọ́n ti kó àpótí wa méjèèjì sínú yàrá ẹrù lẹ́yìn, wọ́n ní Ìdó, níbi tí irin pin sí, la ti máa gbà á. Nígbà tí a dé Láfẹ́nwá l'Ábẹ́òkúta, oòrùn ti là. Ọsàn márùn-ún ni wọ́n ń tà ní kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí lọ́dọ̀ wa, abẹ́ igi la ti ń ṣa ọsàn, ẹni tó bá gbé e jókòó pé òun ń tà á, wọ́n á ní ebi ló ń pa á. A ra mọ́ínmọ́ín ní Ìfọ́. Ó kéré, ṣùgbọ́n wọ́n fi edé sí i, ó sì dùn. Láti ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ń wá òkè kan kí n fojú lé, n kò rí.

Láfẹ́nwá ni ìyá kan ti wọlé, ó jókòó kọjú sí wa pẹ̀lú ẹrù àdìrẹ àti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyá Ràímì lorúkọ rẹ̀, ará Mùṣin ni. Òun ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé Ìbídùn kò sunkún mọ́. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ojú rẹ̀ ti rọ̀, mo gbé ọmú sí i lẹ́nu, kò gbà á.

Agége ni ọkọ̀ ti dúró gba omi sínú ẹ́ńjìnnì. Ọkọ mi rí obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ mímu lọ́wọ́ọ́wọ́ nísàlẹ̀, ó ní bóyá ọmọ á gba ìyẹn. Ó gbé abọ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì gba abọ́ náà padà tí ọkọ̀ fi fọn fèrè tó sì ń lọ. Mo rí fìlà pupa náà láàárín èrò, ó ń sáré bọ̀, àwọn ẹlẹ́rù dí i lọ́nà. Ohùn rẹ̀ nìkan ló bá mi: "Gbé ìwé náà lọ fún wọn ní Yábàá!" Lẹ́yìn náà, igbó ló kù tí mò ń rí.

N kò dé Èkó rí láyé mi. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nígbà tí Ìyá Ràímì gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó tú aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "ọyẹ́ Ìbàdàn lo dì mọ́ ọn. Ibí gbóná. Aṣọ ló fẹ́ pa ọmọ yìí."

Ó rẹ ìborùn rẹ̀ sínú omi, ó ń fi nu ọmọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Mùṣin, mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀, pé Ọlọ́run á san án fún un. Kò dìde. Ó ní ẹrù mi wà ní Ìdó, èmi ò sì mọ Ìdó, ilé òun kò ní sá lọ. Bí ó ṣe kọjá ilé ara rẹ̀ nítorí mi nìyẹn. Kí a tó dé Ẹ̀bútè Mẹ́ta, Ìbídùn ti gba ọmú.

Ìdó dà bí ọjà tí gbogbo ayé ná. Omi tó fẹ̀ ju odò lọ, tí wọ́n ń pè ní ọ̀sà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, afárá gígùn kan sì gba orí rẹ̀ kọjá sí Èkó. N kò ráyè wò ó. A gba àpótí, a wọ ọkọ̀ onípákó tí wọ́n ń pè ní bọ́lékájà, nítorí èrò á fún mọ́ ara wọn títí ẹnì kan á fi ní kí ẹnìkejì bọ́ sílẹ̀ kí àwọn wá jà. Awakọ̀ fẹ́ gba sísì nítorí àpótí. Ìyá Ràímì bá a wí jẹ́jẹ́, ó gba tọ́rọ́, ìdajì rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà bárékè ló ti fi mí sílẹ̀, kí ó tó bá ọkọ̀ mìíràn padà sí Mùṣin.

Sájẹ́ǹtì àgbàlagbà kan, tí irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fún un ní ìwé, mo ro gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ka ìwé náà, ó wo ẹ̀yìn mi bí ẹni pé ọkọ mi sá pamọ́ síbẹ̀.

"Ìwé kì í ṣe èèyàn," ó ní. "Ṣọ́jà ni wọ́n ní ká máa retí."

N kò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìwé nìkan kọ́ ni mo gbé wá. Ọmọ rẹ̀ rèé, ẹrù rẹ̀ rèé. Ọkùnrin tí gbogbo ohun tó ní wà lẹ́nu ọ̀nà yín, ibo ló tún fẹ́ gbà lọ?"

Ó mú lẹ́ẹ̀dì, ó kọ àkókò tí ìwé dé sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí n lọ jókòó sábẹ́ igi.

Mo ṣì jókòó níbẹ̀ nígbà tí òjìji igi náà gùn dé ara ògiri. Ṣọ́jà afunfèrè ti jáde, ó ń nu fèrè rẹ̀. Mo dìde, mo lọ dúró sí ojú ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ. Ìgbà náà ni mo rí i, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà ojú irin. Ó ti bá irin rìn láti Agége, bíi máìlì mẹ́sàn-án, ó sì fi eré sá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Òkúta ti bẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ tọ́ lórí. Ó kọjá lára mi láìwò mí, bó ṣe yẹ ṣọ́jà, ó lọ gbé ọwọ́ síwájú orí fún Sájẹ́ǹtì.

Sájẹ́ǹtì ní, "Láńsi kọ́pùrù, aya rẹ ti fara hàn níbi iṣẹ́ rẹ ṣáájú rẹ. Kọ orúkọ rẹ sísàlẹ̀ ìwé tó mú wá."

Ó kọ ọ́. Fèrè dún.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n fún wa, mo ń fi omi gbígbóná jo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bi í bóyá ẹ̀rù bà á lójú irin, nítorí èmi àti ọmọ nínú ìlú tí mi ò mọ̀.

"Nítorí yín kọ́," ó ní. "Mo mọ̀ pé o máa dé Yábàá. Èmi ni mi ò mọ̀ bóyá màá dé."

Ẹ̀yin ará ilé, nígbà tí mo fẹ́ ṣọ́jà, ẹ ní ibikíbi tí wọ́n bá gbé ọkọ mi lọ ni wọ́n á máa gbé mi tẹ̀lé e bí ẹrù. Mo gbà yín gbọ́ títí di ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, a ti ṣí lọ sí ibùdó mẹ́rin. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, bí ìwé àṣẹ bá ti dé, ọkọ mi á gbé e wá bá mi, á ní, "Ìyá Ìbídùn, gbà, ìwọ ló mọ̀nà."