Àgbọ̀n Tó Sá Jáde

Nínú yàrá iṣẹ́ kan tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn eyín, níbi tí fèrèsé kan ṣoṣo ti kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, obìnrin kan wà tí ó ń fi ẹnu àwọn ẹlòmíì wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ni ó máa ń da ẹfun tí a pò mọ́ omi sínú àpẹẹrẹ eyín tí wọ́n bá fi ohun rírọ̀ tẹ̀ gbà ní ẹnu aláìsàn, tí ẹfun náà yóò gan, tí yóò sì di eyín àti èrìgì tí ènìyàn lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́ wò. Òun náà ni ó máa ń fi ẹ̀mú tẹ wáyà tí wọ́n fi ń to eyín. Ọdún méjìdínlógún ni ó ti wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó dá iṣẹ́ rẹ̀ padà rí.

Àǹtí Fọ́nrán ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é. Ìdí ni pé bí iṣẹ́ bá dé iwájú rẹ̀, tí àwọn yòókù ti sọ pé ó tó, yóò gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, yóò di ojú kan, yóò sì wí pé, "Ó ku fọ́nrán irun kan." Fọ́nrán irun kan yẹn a sì gba odidi wákàtí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ń bínú sí i, àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n bí eyín ìyá àwọn fúnra wọn bá nílò àtúnṣe, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sáré gbé e wá.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọmọ náà rẹwà, ṣùgbọ́n àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú. Bí ó bá pa ẹnu dé, eyín ìsàlẹ̀ a bọ́ síwájú ti òkè, ètè ìsàlẹ̀ a sì ṣíwájú ti òkè, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi máa ń jọ ti ẹni tó ń bínú nígbà tí inú rẹ̀ ń dùn. Ìyá bàbá rẹ̀ kò rí àléébù kankan nínú èyí, nítorí bí àgbọ̀n tirẹ̀ gan-an ṣe rí nìyẹn. "Àwòrán-mi" ni ó ń pe ọmọ náà. Àwọn ọmọ ilé ìwé kò mọ Àwòrán-mi. "Dúrọ́ọ̀" ni tiwọn, nítorí wọ́n ní ẹnu rẹ̀ dà bíi dúrọ́ọ̀ tábìlì tí ẹnì kan fà jáde tí ó gbàgbé láti tì padà.

"Ẹ bá wa ti Dúrọ́ọ̀ o, kí ìwé má bàa já bọ́!" Bí wọ́n ṣe máa ń kígbe nìyí bí ó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

Ọmọ náà kò sunkún lójú wọn. Ó kàn jẹ́ pé kò rẹ́rìn-ín ní ilé ìwé mọ́ ni. Nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ fi èyí tó ìyá létí, ìyá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ń to eyín, ọkùnrin kan tí ó máa ń wá sí ilé ìwòsàn náà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, èrò pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Dókítà yẹ ẹnu ọmọ náà wò fìrí, ó ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó sì fi ìyókù lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì gba àpẹẹrẹ eyín òkè, ó gba ti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí ọmọ náà fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga, kí ó ká ahọ́n sẹ́yìn, kí ó sì rọra deyín mọ́ ìda rírọ̀ kan, kí ìda náà lè fi hàn bí òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe ń pàdé. Gbogbo rẹ̀ dé orí tábìlì Àǹtí Fọ́nrán ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ó da ẹfun, ó gé e, ó fi pépà oníyanrìn dán an. Nígbà tí ó fẹ́ fi òkè lé ìsàlẹ̀, ó ń yí wọn títí àwọn eyín ẹ̀yìn fi wọnú ara wọn, bí ọmọrí ṣe ń jókòó sórí ìkòkò. Wọ́n di ara wọn mú gírígírí. Ó wo ìda. Ìda kò bá wọn mu. "Ooru ti wọ́ ọ," ni ó wí, ó sì jù ú sínú àpótí tí wọ́n ń kó ìda àlòkù sí. Ohun tí ó máa ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ìda a máa yọ́, ìda a máa tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹfun kì í parọ́. Ó fi rọ́bà de eyín ẹfun náà pọ̀ bí ó ṣe tọ́ lójú tirẹ̀, ó sì gbé e ránṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, dókítà wo eyín ẹfun, ó wo fọ́tò, ó sì mi orí.

"Àǹtí, èyí kì í ṣe ti eyín, ti egungun ni. Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wáyà ò lè rí i ṣe. Ẹ jẹ́ ká dúró kó dàgbà tán, kó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ká wá ṣe iṣẹ́ abẹ."

Ọdún mẹ́sàn-án! Àǹtí Fọ́nrán mọ iṣẹ́ abẹ náà: wọ́n á la egungun, wọ́n á tì í sẹ́yìn, wọ́n á fi irin kàn án mọ́ àyè rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó máa ń yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ọmọ rẹ̀ ru orúkọ Dúrọ́ọ̀ títí di ìgbà náà? Síbẹ̀ ó gbà, nítorí pé ẹfun ni ó jẹ́rìí, ẹfun tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ọmọ náà jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó gbé orí lé àga, ó gbójú sókè, ó ń ka ìwé ìtàn sókè fún bàbá rẹ̀, tí ó ń tún fíríìjì oníbàárà kan ṣe ní ẹnu ọ̀nà, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Bàbá sọ ọ̀rọ̀ kan tó pa á lẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí gbogbo ẹnu rẹ̀ fi rọ̀. Bí ó ti ń pa á dé, ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí ohun kan: eyín iwájú òkè àti ti ìsàlẹ̀ forí sọ ara wọn; kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ; lẹ́yìn náà àgbọ̀n yọ̀ síwájú, àwọn eyín ẹ̀yìn sì pàdé.

Ìyá fò dìde bí ẹni tí èèrà ta.

"Tún un ṣe."

"Kí ni mo ṣe, Mọ́mì?"

"Pa ẹnu dé. Rọra. Rọra sí i! Bí ìgbín."

"Ṣé ìgbín léyín ni?"

"Ìwọ ọmọ yìí, má pa mí lẹ́rìn-ín. Pa ẹnu dé!"

"Eyín tó wà níbi iṣẹ́ ò tó ọ, o tún gbé e délé," ni ọkọ rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ dojú kọ fíríìjì yín."

Ọmọ náà ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, eyín iwájú kọ́kọ́ forí sọra kí àgbọ̀n tó yọ̀ lọ. Àgbọ̀n tí egungun rẹ̀ gùn jù lóòótọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀; kò lè padà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni ọkàn ìyá lọ: àpótí ìda.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó dé ibi iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn ńlá. Orí bá a ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń yọ́ ìda àlòkù. Ó da àpótí náà sílẹ̀, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí èyí tí nọ́mbà ọmọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó tú rọ́bà kúrò lára eyín ẹfun, ó sì fi ìda sí àárín. Ìda náà kò wọ́ rárá. Ó bá òkè mu, ó bá ìsàlẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n lórí rẹ̀, eyín iwájú forí kan orí, àlàfo sì wà láàárín àwọn eyín ẹ̀yìn òkè àti ti ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìda ni ó sọ òtítọ́. Ọwọ́ Àǹtí Fọ́nrán ni ó fipá mú ẹfun parọ́.

Ó jókòó, ṣùgbọ́n kò jókòó pẹ́. Ẹlòmíì ìbá rọra tún un dè, ìbá sì sọ pé ẹnu ọmọ náà ni ó yí padà. Èrò yẹn kò wá sí i lọ́kàn. Ẹni tó ti fi ọdún méjìdínlógún bá ènìyàn wí nítorí fọ́nrán irun kò lè wá fi àṣìṣe mìlímítà mẹ́rin pamọ́ sábẹ́ tábìlì.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà dókítà kí aláìsàn kankan tó dé.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ mi ti ṣì yín lọ́nà."

"Iṣẹ́ èwo?"

"Ti ọmọ mi. Mo ju ìda dànù, mo dè é bó ṣe wù mí."

Dókítà gba eyín ẹfun àti ìda lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tò wọ́n, ó tú wọn, ó tún wọn tò.

"Ẹ̀yin, Àǹtí Fọ́nrán? Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ jẹ́ n yọjú síta, kí n wò ó bóyá oòrùn ṣì wà lókè." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi gbé e mì. "Kì í ṣe ẹ̀bi yín nìkan. Ó yẹ kí n fi ọwọ́ ara mi di àgbọ̀n ọmọ yẹn mú kí n tó dájọ́ ọdún mẹ́sàn-án fún un. Ẹ mú un wá lónìí."

Nígbà tí ọmọ náà ti ilé ìwé dé, dókítà fi àtàǹpàkò àti ìka kan di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó ní kí ó tú ara sílẹ̀, ó sì rọra darí àgbọ̀n náà sókè. Eyín iwájú forí sọra.

"Ẹ wò ó," ni dókítà wí. "Eyín òkè méjì yìí ló tẹ̀ sẹ́yìn. Tó bá fẹ́ pa ẹnu dé, wọ́n á dínà. Àgbọ̀n ò ríbi gbà, ló bá yà gba iwájú. Ó ti ṣe é títí tó fi mọ́ ọn lára. Egungun rẹ̀ gùn díẹ̀, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tá à ń wò lójú rẹ̀ yìí, àgbọ̀n tó kúrò ní àyè rẹ̀ lásán ni."

"Tá a bá wá ṣí ọ̀nà ńkọ́?"

"Á padà sílé. Ètè á tẹ̀lé e, ojú á sì yí padà. Ṣùgbọ́n ìsinsìnyí ni o. Tó bá bá a dàgbà síbi tó sá lọ yẹn, ibẹ̀ ló máa gan sí."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá ọkọ Àǹtí Fọ́nrán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìyá àgbà wọ ọkọ̀, ó dé, kò sì fìdí kan àga.

"Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ ojú fún ọmọ mi."

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ jókòó ná."

"Mo máa jókòó tí mo bá gbọ́ èsì. Kí ló ṣe àgbọ̀n mi? Àgbọ̀n yìí ni mo fi lọ́kọ! Òun ni mo fi bí bàbá ọmọ yìí!"

"Àgbọ̀n lẹ fi bí mi ni, Màmá?" ni bàbá ọmọ náà bèèrè.

"Ìwọ, pa ẹnu rẹ mọ́!"

Àǹtí Fọ́nrán kò jiyàn. Ó tú aṣọ tí ó fi wé eyín ẹfun náà, ó kúnlẹ̀, ó sì fi òkè àti ìsàlẹ̀ lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ fọwọ́ yín pa á dé, Màmá. Ẹ rọra."

Ìyá àgbà pa á dé. Ó gbọ́ bí eyín iwájú ṣe ta kora, ó mọ̀ ọ́n lára pé kò fẹ́ dé. Lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ síwájú. Ó tún un ṣe.

"Ó ń kọ̀," ni ó wí.

"Ó ń kọ̀, Màmá. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ogún tó jẹ lára yín. Eyín ni àgbọ̀n rẹ̀ ń sá fún."

Ìyá àgbà wá jókòó. 

"Ṣé á dùn ún?"

"Díẹ̀ ni, bíi bàtà tuntun tó ń fúnni lẹ́sẹ̀."

"Ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi, bí ojú ọmọ mi bá bàjẹ́, ọrùn rẹ ni mo máa so ó mọ́."

"Ọrùn mi gbà á, Màmá."

Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò lò: rọ́bà líle pupa tí ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu bí awọ, wáyà tín-ín-rín méjì tí ó ká sẹ́yìn eyín tó tẹ̀, kí wọ́n lè máa tì wọ́n síwájú, àti rọ́bà kékeré tó ga bí ìtìsẹ̀ lórí àwọn eyín ẹ̀yìn, kí ti iwájú lè ríbi kọjá láìkọlu ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó jù ú dànù tí ó tún un ṣe, kò sì sí ẹni tó rí ohun tó ṣe èyí àkọ́kọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu ọmọ náà, itọ́ ń dà. Àwọn ọmọ kíláàsì rí wáyà, inú wọn dùn.

"Dúrọ́ọ̀ ti ní kọ́kọ́rọ́ o!"

"Ó ti ní kọ́kọ́rọ́ lóòótọ́," ni ọmọ náà dá wọn lóhùn. "Ẹ dúró dìgbà tí mo bá tì í."

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, bí ó ti ń fọ eyín ní òwúrọ̀, igbe rẹ̀ gba gbogbo ilé: "Mọ́mì! Ó ti kọjá!" Ìyá gbé iná tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ó pa ẹnu dé. Eyín òkè ti bọ́ síwájú ti ìsàlẹ̀. Fọ́nrán irun kan ni wọ́n fi ṣíwájú, ṣùgbọ́n ó tó. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó ń dínà mọ́, àgbọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ibi tí ó yẹ kí ó máa gbé. Ètè òkè tó ti rì wọnú yọ padà. Ti ìsàlẹ̀ sinmi sábẹ́ rẹ̀. Ìbínú tí kì í ṣe ìbínú kúrò lójú ọmọ náà. Dókítà ya fọ́tò míì láti ẹ̀gbẹ́, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́.

"Mi ò dín egungun rẹ̀ kù o," ni ó wí. "Mo kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni. Màá máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí á fi dàgbà tán, nítorí egungun ṣì ń gùn. Tó bá tún fẹ́ ṣe agídí, a máa rí i kó tó jìnnà."

"Kò níí ríbi gbà lójú mi," ni Àǹtí Fọ́nrán dáhùn.

Ìyá àgbà wá ní ìparí oṣù karùn-ún tí wáyà ti wọ ẹnu ọmọ náà, ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú. Ó pe ọmọ náà, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò kó tó rà á. Àǹtí Fọ́nrán dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Rẹ́rìn-ín, kí n rí."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín síta.

"Imú mi nìyí," ni ìyá àgbà wí. "Iwájú orí mi nìyí. Àgbọ̀n náà ṣì jẹ́ tèmi." Ó tún yí i. "Àmọ́ ó gbọ́ràn ju tèmi lọ."

"Ṣé ojú mi ò bàjẹ́, Màmá Àgbà?"

"Ta ló ní ó bàjẹ́? Bí èmi náà ṣe máa rí nìyí, ká ní ìyá tó bí mi mọ ẹnì kan tó ń da ẹfun." Ó fọwọ́ pa àgbọ̀n ara rẹ̀. "Ìyàwó mi, dókítà yín yẹn, ṣé ó máa ń gba àgbà?"

"Màmá, egungun tiyín ti gan tipẹ́. Ohun tó ṣeé ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án..."

"Mi ò bi ọ́ pé ṣé ó ṣeé ṣe. Ọjọ́ tó ń wá ni mò ń bèèrè."

"Ọjọ́bọ̀ ni, Màmá."

Ìyá àgbà ka ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù sí Ọjọ́bọ̀ lórí ìka, ó sì ní kí ọmọ náà bá òun gbé báàgì òun wọ yàrá.