Ẹyin Tí Mo Pè Ní Ẹ̀yìn

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí mo wà ní erékùṣù, tí mo ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, tí màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú ní Atlanta níbi tí a ń gbé.

Nígbà ìsinmi, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní erékùṣù kan tó gbóná bí ààrò. Iṣẹ́ wa ni láti ṣọ́ ẹyin tí ìjàpá òkun yé sínú iyanrìn, kí ajá má bàa jẹ ẹ́. Wọ́n fún olúkúlùkù ní ihò ẹyin tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, iyanrìn ihò mi ń mì. Orí kékeré kan yọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Pẹ̀lú ayọ̀ ni mo fi pe màmá mi níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọn.

“Mọ́mì, ẹ̀yìn mi ti fọ́.”

“Yéè. Má mira o. Ṣé o ṣì ń mọ ẹsẹ̀ ẹ lára?”

“Wọ́n pọ̀ gan-an, mà. Wọ́n ti ń rìn lọ sínú òkun.”

“Kí ló ń rìn lọ sókun?”

Mo gbọ́ tí mọ́mì bú sẹ́kún, ni mo bá yára tan kámẹ́rà fóònù, mo yí i sí àwọn ọmọ ìjàpá. Nígbà tí mọ́mì rí wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Ẹyin, ọmọ mi. Re re ni, kì í ṣe dò dò.”

Títí di òní, bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní, “Ẹ̀yìn ẹ ńkọ́?”

Èmi náà á fèsì pé, “Ó ti wọ òkun lọ, mà.”