Ibi tí Omi Ń Lọ

Kí òmìnira tó dé, àbúrò bàbá mi a máa wọn ìṣàn omi ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Á tọ́ omi wò bóyá ó níyọ̀, á wá ju wáyà méjì tó so mọ́ ẹ̀rọ kékeré alábẹ́rẹ́ kan sí i. "Ilẹ̀ ayé ní òòfà nínú," ni yóò wí. "Bí omi iyọ̀ bá ń ṣàn lórí rẹ̀, á mú iná díẹ̀ wá. Iná náà á sọ ibi tí omi ń lọ."

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi dojú dé mọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí làwọn apẹja ń wá a lọ. Òun ju wáyà sómi. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ yí sọ́nà Ìkòròdú. Ibẹ̀ la ti rí òkú ọmọ náà.

"Bàbá, ẹ̀rọ yín ò parọ́," ni apẹja kan wí.

Àbúrò bàbá mi gbá òkú ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. "Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó parọ́."