Pákó tí Ọkọ Mi Tẹ́ Sínú Bọ́ọ̀sì Télọ̀

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń bá ọkọ mi gbé ní Òrè kí n tó mọ̀ pé òjòwú ni mí. Káfíńtà ni. Ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì àti àga ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń ṣe jù, ìsọ̀ rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Odígbó. Èmi ń yan gàrí nílé. A kì í jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í dé ilé wa. Bẹ́ẹ̀dì tí à ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán tipẹ́, búlọ́ọ̀kù la fi gbé e dúró.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò dá díẹ̀, obìnrin kan gbé bọ́ọ̀sì àlòkù wá bá a. Télọ̀ ni, ará Omífunfun, opó sì ni. Ó fẹ́ sọ bọ́ọ̀sì náà di ìsọ̀ ìránṣọ tí yóò máa gbé láti ọjà kan dé òmíràn, kí àwọn ará oko lè máa rí aṣọ rán láìwá sí Òrè. Wọ́n ti yọ gbogbo àga inú rẹ̀, irin ilẹ̀ rẹ̀ sì ti dógùn-ún débi pé èèyàn ń rí iyẹ̀pẹ̀ láti inú ọkọ̀. Pákó ló ní kí ọkọ mi bá òun tẹ́ sí i, irú èyí tó ń dán, tí wọ́n ń kó wá nínú páálí, tí etí ọ̀kan máa ń wọ inú etí èkejì láìlo ìṣó.

Ọkọ mi ò ṣe irú rẹ̀ rí. Bó ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní òun máa kọ́kọ́ pe wẹ́dà kó bá òun dí àwọn ihò náà, òun á kun ọ̀dà lé e, òun á wá to pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ kí ó lè tẹ́jú. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì là ń jẹ, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì là ń mu. Ó wá páálí tó máa fi ṣe àwòṣe ibi tí irin orí táyà ti yọ sókè sínú ọkọ̀, kò rí, ló bá da aṣọ mi sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé páálí tí mo ń kó wọn sí lọ. Nígbà tó yá, kò wálé jẹun ọ̀sán mọ́. Mo bi í léèrè. Ó ní télọ̀ ti gbé pupuru àti ọbẹ̀ wá fún òun.

Lọ́jọ́ kejì, mo pa iná gàrí, mo gun ọ̀kadà, mo gba ìsọ̀ rẹ̀ lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sẹ́nu kí n tó débẹ̀.

Ká ní mo bá wọn níbi tí wọ́n ti jọ ń rẹ́rìn-ín, ìbá rọ̀ mí lọ́rùn. Obìnrin náà jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Ọkọ mi wà nínú bọ́ọ̀sì lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra pákó náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tó ń dun ọmọ.

Télọ̀ kúnlẹ̀ kí mi. “Ìyàwó ọ̀gá, ẹ wọlé wá wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà.”

Mo bọ́ ọ. Ilẹ̀ náà tutù, kò sì dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òun fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbi ògiri ọkọ̀, torí pé pákó náà máa ń fẹ̀ bí oòrùn bá mú un, bí kò bá sì ráyè, á wú sókè. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Níbi irin orí táyà pàápàá, abẹ́rẹ́ ò lè ráyè kọjá láàárín pákó kan àti èkejì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu pòórá.

“Ẹ ò ṣe irú èyí fún mi rí,” ni mo wí.

Télọ̀ gbé aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ń lọ ra omi.

“Kí ni mo ṣe?” ni ọkọ mi bi mí.

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn.”

Ó jókòó sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá wá sí ìsọ̀ òun máa ń sọ ohun tó fẹ́, èmi ò sì sọ ọ́ fún òun rí. Mo bi í bóyá kì í rí búlọ́ọ̀kù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ó ní òun ti rí i títí, òun ò rí i mọ́. Mo wọ bàtà mi, mo lọ sílé.

Ní Sátidé, ó gbé igi wálé, ó fi ẹsẹ̀ tuntun sí bẹ́ẹ̀dì náà. Iṣẹ́ náà dára, kò sì pẹ́ rárá. Ó ń ti mí lójú láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò bóyá ó máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn náà. Kò rà á. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ wẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo lọ ra ẹ̀gẹ́ ní Àgọ́ Aláyé. Bọ́ọ̀sì télọ̀ wà lẹ́bàá ọjà, àwọn obìnrin sì tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó rí mi, ó pè mí wọlé, ó ní òun fẹ́ rán búláòsì fún mi. Bó ṣe ń fi téèpù wọn èjìká mi, ojú mi wà nílẹ̀. Mo ń wá ibi tó wú, tàbí ibi tó là. N kò rí ọ̀kankan.

Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, pé gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yin iṣẹ́ náà. Mo ní màá jíṣẹ́.

N kò tíì jíṣẹ́ náà títí dòní.